Báwo ni owó Amẹ́ríkà ṣe di olórí owó gbogbo ayé?

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní owó tiwọn. Báwo ni dọ́là ṣe wá jọba lé gbogbo wọn lórí?

Ogun ló bí i. Ní oṣù Keje ọdún 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì parí, aṣojú orílẹ̀-èdè 44 pàdé ní Bretton Woods, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹnu kò pé dọ́là ni àwọn yóò máa fi díwọ̀n owó àwọn. Amẹ́ríkà náà ṣèlérí pé ìjọba tó bá kó dọ́là wá yóò gba wúrà, dọ́là 35 fún áúnsì kan. Ogun ti run ilẹ̀ Yúróòpù. Ta ni ìbá bá Amẹ́ríkà jiyàn?

Ṣé wúrà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀?

Rárá. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1971, Ààrẹ Richard Nixon fòpin sí i. Síbẹ̀ dọ́là kò kúrò lórí ìtẹ́, torí òun ni wọ́n ti ń fi ra epo rọ̀bì, òun náà ni wọ́n fi ń ṣírò gbèsè.

Kí ló kan ẹni tí kò fọwọ́ kan dọ́là rí?

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí. Dọ́là ni ọ̀pọ̀ ìjọba ń yá lókèèrè, owó ìlú sì ni àwọn ará ìlú fi ń san owó orí. Bí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà bá fi kún èlé kí ọjà má bàa wọ́n jù nílé tiwọn, àwọn olówó á kó owó lọ síbẹ̀, owó àwọn orílẹ̀-èdè yòókù á já wálẹ̀. Gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò yá kún á wá wúwo sí i. Bó ṣe ká Mẹ́síkò mọ́ nìyẹn ní oṣù Kẹjọ ọdún 1982, tó fi sọ pé agbára òun kò gbé e mọ́. Láàárín ọdún 2022 sí 2023, báńkì kan náà gbé èlé láti ẹ̀bá òdo kọjá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyá tó ń ra oògùn fún ọmọ rẹ̀ níbòmíràn ń jẹ nínú ìyà ìpinnu náà, bẹ́ẹ̀ kò dìbò fún ẹnikẹ́ni ní Washington.

Ṣé kì í ṣe torí irú èyí ni IMF, àjọ tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó nígbà ìṣòro, ṣe wà?

Torí rẹ̀ ni. Àmọ́ bí ìpín owó tí orílẹ̀-èdè kan dá sínú àjọ náà bá ṣe tó ni ìbò rẹ̀ ṣe ń tó níbẹ̀. Àwọn ìpinnu tó tóbi jù nílò ìbò 85 nínú ọgọ́rùn-ún, ti Amẹ́ríkà nìkan sì lé ní 16. Bó bá kọ̀, ó parí, bí gbogbo ayé yòókù tilẹ̀ gbà.

Wọn kò ṣe lo owó mìíràn?

Wọ́n ń wá a, pàápàá láti ọdún 2022 tí Amẹ́ríkà àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dí ọ̀nà mọ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 300 dọ́là owó ìpamọ́ Rọ́ṣíà nítorí ogun Ukraine. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ lo owó Ṣáínà, Ṣáínà kì í jẹ́ kí owó wọlé kó sì jáde bó ṣe wu olówó, ẹni tó sì ń tọ́jú owó fẹ́ ibi tó ti lè rí i kó lọ́jọ́ ìṣòro. Nínú owó òkèèrè tí àwọn báńkì àpapọ̀ ayé fi pamọ́, ó ju ìdajì lọ tó ṣì jẹ́ dọ́là.