Kí ni oko onígi?

Oko onígi ni mo ń pe oko tí igi tó ń pẹ́ nínú ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn bí ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo jọ wà, n kò sì ní fi í sílẹ̀ nítorí àwọn tó ń pariwo orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, “agirofọ́rẹ́sírì”, sí àgbẹ̀ létí ní Ẹ̀pẹ́. Nínú àwọn orúkọ Yorùbá mìíràn tí wọ́n ń pè é, èyí tó burú jù ni “iṣẹ́ àgbẹ̀ inú igbó”. Igbó ni àgbẹ̀ ń fi àdá àti ọkọ́ bá jà lójoojúmọ́. Bí a bá ní kí ó padà sínú rẹ̀, a ti lé e sá kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. “Àgbìnpọ̀ igi” sàn díẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀pẹ, ìyeyè àti àgbálùmọ̀ tó wà láàárín ẹ̀gẹ́ kò ní ẹni tó gbìn wọ́n: àgbẹ̀ bá wọn níbẹ̀ ni, ó sì dá wọn sí nígbà tó ń ṣán oko. “Oko onígi” gba èyí tí a gbìn àti èyí tí a dá sí.

Bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni oko náà rí: igi ń gbé òkè, ẹ̀gẹ́ ń gbé ìsàlẹ̀. Bí ará òkè bá bo gbogbo ojú fèrèsé, òkùnkùn ni yóò bá ará ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ fi ń rẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ kí oòrùn lè dé ara ẹ̀gẹ́.

Ní àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í dán irú rẹ̀ kan wò, tí wọ́n ń to àwọn igi bí agúnmániyè ní ẹsẹẹsẹ, tí wọ́n sì ń gé ẹ̀ka wọn tútù sáàárín àgbàdo kí ewé náà lè jẹrà di ajílẹ̀. Ilẹ̀ jàǹfààní, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ olóko kékeré tó gbà á kò pọ̀, nítorí iṣẹ́ gígé ẹ̀ka máa ń bọ́ sí àsìkò ìroko.

Àwọn tó ń sọ pé àìmọ̀kan ló ń ṣe àwọn àgbẹ̀ náà ń bú wọn lásán ni. Ẹni tó ń ro ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kò nílò ìwàásù kí ó tó dá igi sí. Ti ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ló yàtọ̀: nínú àṣà wa, ẹni tó bá gbin ọ̀pẹ, obì tàbí kòkó sórí ilẹ̀ dà bí ẹni tó ń sọ pé òun ló ni ín, onílẹ̀ kì í sì í gbà. Ọ̀pẹ tí a gbìn lónìí yóò tó ọdún 3 tàbí 4 kí ó tó so, ẹbí onílẹ̀ sì lè ti ta ilẹ̀ náà fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé kí ó tó di ìgbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí oko onígi pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, kí ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn onílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó gbin igi ni yóò máa ká èso rẹ̀.