Pípààrọ̀ páìpù omi ìdọ̀tí nínú ilé àtijọ́: ìgbà wo ló di ọ̀rọ̀ ìjọba?

Ní Ìlọrin, kò sí páìpù àpapọ̀ tó ń kó omi ìdọ̀tí ilé onílé lọ síbì kan. Ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan bá dà, inú ilẹ̀ tirẹ̀ ló ń wọ̀. Ọ̀pọ̀ agbo ilé àtijọ́ ń lo sálángá. Ilé tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi ń darí tirẹ̀ sínú tánkì abẹ́ ilẹ̀, kí omi tó bá là lè ṣàn sí kòtò sọ́kàwéè, kí ilẹ̀ sì mu ún. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ páìpù kò ní iléeṣẹ́ kankan tó máa bá so ọ̀nà pọ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ onílé ṣe gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò kan ìjọba rárá. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin àti gọ́tà sára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn wolé-wolé ti ń gba àṣẹ. Pláànù ilé ní tirẹ̀ jẹ́ ti ìpínlẹ̀: ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni ètò ìlú láàrin ààlà rẹ̀. Nítorí náà, ọ́fíìsì méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí ọ̀kan sì ń wò yàtọ̀ sí ti èkejì. Wolé-wolé fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀gbin ń jáde sí ìta tàbí sínú omi mímu. Àwọn elétò ìlú fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó wà lórí ilẹ̀ bá pláànù tí wọ́n fọwọ́ sí mu.

Bí pọ́lọ́mbà bá yọ páìpù gbígbó, tó fi tuntun sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀, láàrin ọgbà onílé, tí ó sì parí sí tánkì àtijọ́, àtúnṣe lásán nìyẹn. Kò yí pláànù padà. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé ìwé kiri fún.

Ibi tí páìpù gbà àti ibi tó parí sí ló ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìwé. Tánkì tuntun, sọ́kàwéè tuntun, tàbí balùwẹ̀ tí wọ́n fi kún ilé: ẹ kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ètò ìlú. Gígé ojú ọ̀nà kí páìpù lè kọjá: ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ọ̀nà náà, nítorí ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ wà, ti ìpínlẹ̀ wà, ti ìjọba ìbílẹ̀ náà sì wà. Dídarí omi ìgbọ̀nsẹ̀ sí gọ́tà ìta kò ní ìwé tó lè sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Àwọn kan ń ṣe é lóru nígbà òjò, wọ́n rò pé omi òjò máa bo àṣírí. Odò Asà àti àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn sínú rẹ̀ ló ń gba gbogbo rẹ̀. Bí aládùúgbò bá fẹjọ́ sùn, wolé-wolé lè fún onílé ní ìwé pé kó ṣàtúnṣe láàrin ọjọ́ kan pàtó, bí kò bá sì ṣe é, ó di ẹjọ́.

Ní àdúgbò bíi Òkè-Lele tàbí Pàkátà, ọ̀rọ̀ tó le jù sábà máa ń wà láàrin ẹbí. Ilé so mọ́ ilé, páìpù ẹnì kan lè gba ẹ̀yìn yàrá ẹlòmíràn kọjá. Ìwé ìjọba kò lè yanjú ìyẹn. Magají agbo ilé ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, kí wọ́n tó gbé ṣọ́bìrì. Ayálégbé náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan páìpù láìjẹ́ pé onílé mọ̀.

Kànga ni ohun kejì tó yẹ kí wọ́n wò níbẹ̀. Ìwọ̀n tí àwọn elétò ìlera sábà máa ń lò láàrin kànga àti ibi tí ẹ̀gbin ti ń wọlẹ̀ ni mítà 30. Ọ̀pọ̀ agbo ilé kò ní ààyè tó bẹ́ẹ̀, àpáta sì sún mọ́ òkè ní apá ibi púpọ̀ nínú ìlú, tí omi kì í fi rí ibi mu sí. Níbi tí ààyè bá ti há báyìí, páìpù tó ń jò ní tòsí kànga kò ṣeé fi falẹ̀.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tó wà nílẹ̀. Páìpù irin máa ń dógùn-ún láti inú, ihò rẹ̀ á máa kéré sí i. Ti amọ̀ sísun àti ti ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì (irú èyí tí wọ́n fi ṣe òrùlé àwọn ilé àtijọ́ kan) kì í dógùn-ún, oríkèé wọn ni gbòǹgbò ń bá wọlé. Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé kò mọ̀ pé ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lòun ti ń wá omi. Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì tó dákẹ́ sínú ilẹ̀ kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Gígé rẹ̀ ló léwu, nítorí eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Kí wọ́n má fi ẹ̀rọ gé e. Bí ààyè bá wà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ ojú tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá di dandan kó jáde, kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n yọ ọ́ lódindi, kí wọ́n fi ọ̀rá tó nípọn dì í.

Páìpù ike tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 4 ni wọ́n ń lò fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ báyìí. Ó gbọ́dọ̀ máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀: nínú mítà kan, kó rẹlẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 2.5. Èyí ṣe kókó ní ilé tí wọ́n ti ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì da omi, nítorí omi tó bá kéré kò lè ti ẹ̀gbin lọ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú. Páìpù afẹ́fẹ́ tó yọ sókè òrùlé náà kò gbọdọ̀ sọnù. Láìsí i, omi tí wọ́n bá dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lè fa omi tó wà ní ọrùn páìpù síǹkì lọ, òórùn á sì gba ibẹ̀ wọ yàrá.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, kí omi má baà kún kòtò. Kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀ padà, kí wọ́n dí ẹnu ìsàlẹ̀ páìpù, kí wọ́n rọ omi kún un, kí wọ́n sì dúró wò ó bóyá yóò dínkù. Ọ̀pọ̀ pọ́lọ́mbà máa ń fẹ́ fo ibí yìí. Onílé tó bá mọ ohun tó ń ṣe kì í san owó tó kù títí wọ́n fi ṣe é, á sì ya fọ́tò kòtò náà sínú fóònù kí ilẹ̀ tó bò ó.