Àwo Abẹ́ Hítà Tí Kò Ní Páìpù, Asán Ni

Bí ọyẹ́ bá ti ń sún mọ́lé ní Àbújá, iṣẹ́ hítà, ẹ̀rọ tó ń mú omi ìwẹ̀ gbóná, máa ń pọ̀ fún àwa púlọ́mbà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo ń wọ̀ ní Gwarinpa àti Kubwa, orí àjà ni wọ́n ń gbé hítà sí, kí ó má baà gba àyè nílé ìwẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àwo agbomi, èyí tí a ń tẹ́ sábẹ́ hítà kó lè gba omi tó bá jò, ti di dandan. Hítà tó ń jò lórí àjà kì í pariwo. Àfi ìgbà tí POP bá yọ àbààwọ́n, tàbí tó já lulẹ̀ lu bẹ́ẹ̀dì, kí onílé tó mọ̀.

Òfin ilé kíkọ́ tí wọ́n ń lò káàkiri Amẹ́ríkà, IRC, sọ ọ́ láìfi bò: níbikíbi tí omi hítà bá lè ba nǹkan jẹ́ bó bá jò, kí àwo wà lábẹ́ rẹ̀. Kí àwo náà jìn tó mìlímítà 38, ìyẹn íńṣì kan àbọ̀. Kí páìpù tó ń fa omi inú rẹ̀ má kéré sí tírí-kọ́tà íńṣì. Bí páìpù yẹn bá já síta, kí ẹnu rẹ̀ fi ó kéré tán íńṣì 6 jìnnà sí ilẹ̀, kó má sì ga ju íńṣì 24 lọ. Àwa náà ní ìwé òfin ilé kíkọ́ tiwa tó jáde ní 2006, ṣùgbọ́n èmi kò tíì rí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tó gun àjà lọ wo abẹ́ hítà. Ọwọ́ onílé ló kù sí.

Páìpù yẹn ni mo ń bẹ̀ yín fún. Mo máa ń rí bàsíà, mo máa ń rí àwo tí wẹ́dà fi irin ṣe, tí kò sí ihò kankan lára wọn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Àwo tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50 níhà gbogbo, tó sì jìn ní mìlímítà 38, kò gba líítà 10. Omi tó ń kán tó lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan yóò ju líítà 4 lọ lójúmọ́. Kí ọjọ́ kẹta tó pé, àwo ti kún, POP ló sì ń gba ìyókù.

Ohun kan wà tó ń bà mí lẹ́rù ju POP lọ. Omi máa ń wú bó bá ń gbóná. Líítà 50 tó gbóná láti ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì 25 dé 70 yóò fi nǹkan bíi líítà kan pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí fáàfù ààbò ara hítà, èyí tó ń tú omi síta bí inú tánkì bá le jù, fi lè máa kán. Àwọn kan á ní ó ń jò, wọ́n á sì dí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé! Bí ohun tó ń pa iná hítà bá kọṣẹ́ lọ́jọ́ kan, tí fáàfù sì ti dí, tánkì náà lè bẹ́, ó sì lè pààyàn. Òfin IRC gbà kí omi fáàfù já sínú àwo, ṣùgbọ́n èmi máa ń fún un ní páìpù tirẹ̀, kí omi tí a bá rí nínú àwo lè jẹ́ ti tánkì tó ń jò nìkan.

Òfin náà tún ní bí a bá ń pààrọ̀ hítà níbi tí àwo kò ti ní páìpù tẹ́lẹ̀, kò pọn dandan kí a ṣe é. Níbí yìí, n kò bá wọn lọ. Ìgbà tí àjà ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ara ògiri ilé ìwẹ̀ ni hítà yín wà, tí táìlì àti ihò omi wà nísàlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àwo fún yín.

Àwo kò lè gba omi tánkì tó bẹ́. Kọ́ọ̀kì tí ẹ ó fi pa omi ló wà fún ìyẹn, kó sì wà níbi tí ọwọ́ lè tó láìgun àkàbà.

Kí káfíńtà tó dí àjà, ẹ ní kí púlọ́mbà da omi bíi líítà 3 sínú àwo lójú yín, kí ẹnìkan sì dúró nídìí ẹnu páìpù. Bí omi kò bá jáde níbẹ̀, ẹ má tíì sanwó.