Òkúta Inú Kíndìnrín: Bí Iṣẹ́ Àwọn Agé-òkúta Ṣe Di Ìmọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n

Òkúta náà kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ó pọ́n bíi yangí, ara rẹ̀ sì rí ṣágiṣàgi, tó jẹ́ pé bí o bá fi ìka kàn án, wàá mọ̀ pé ó lè ya ẹran. Bàbá mi ló tọ̀ ọ́ jáde nílé wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà tí wọ́n ti ń yí nílẹ̀, tí wọn ò lè jókòó, tí wọn ò lè sùn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ hàn nínú ìtọ̀ wọn, ẹnì kan tó ń ta oògùn ní àdúgbò ní àtọ̀sí ni, ó sì gún wọn lábẹ́rẹ́. Ìyá mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún! Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Dókítà tó wá rí wọn lẹ́yìn náà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀. Ó gbé asẹ́ kékeré kan lé wọn lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tọ̀, inú èyí ni kí ẹ máa tọ̀ sí. Bí ẹ bá rí nǹkan níbẹ̀, bó tilẹ̀ kéré bí iyanrìn, ẹ má dà á nù o. Ẹ bá mi mú un wá."

"Dókítà, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ bi í léèrè ibi tó ti wá ni, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń wá ìtàn kiri. Àwa ará Èkìtì, àwa tí wọ́n ní òkìtì ni orúkọ wa ti wá, tí àpáta Olósùnta ń wò wá láràárọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, òkúta kì í ṣe àjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n òkúta tí ń hù nínú ẹran ara èèyàn, ta ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n? Ta ló kọ́kọ́ yọ ọ́? Èyí tó wá jẹ mí lógún jù ni pé, ta ló kọ́kọ́ rò ó pé yíyọ nìkan ò tó, kí a bi í ní ibi tó ti wá?

Kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń hù. Kíndìnrín, tí Bíbélì Yorùbá pè ní iwe, ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń fi ìtọ̀ gbá ìdọ̀tí jáde. Oríṣiríṣi iyọ̀ ló yòrò sínú ìtọ̀. Bí omi bá pọ̀, gbogbo wọn á bá ìtọ̀ lọ. Bí omi bá dín kù, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ra wọn, bí iyọ̀ ṣe ń dì sí ìdí ìkòkò tí omi inú rẹ̀ gbẹ. Ohun tó dì yẹn lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ọdún púpọ̀ láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọjọ́ tó bá ṣí kúrò ní àyè rẹ̀, tó bọ́ sínú ọ̀nà tín-ínrín tó ti inú kíndìnrín lọ sí àpòòtọ̀, ọjọ́ yẹn ni ìrora dé.

Àìsàn yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1901, wọ́n wú òkú ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ẹni nǹkan bí ọdún 16, ní El Amrah nílẹ̀ Íjíbítì, wọ́n sì bá òkúta láàrin egungun ìbàdí rẹ̀. Ọmọ náà ti wà nínú ilẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Àpòòtọ̀ ni òkúta tirẹ̀ wà, kì í ṣe kíndìnrín, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí fún ọ̀pọ̀ àwọn tó jìyà òkúta láyé àtijọ́: àwọn ọmọdé, pàápàá ọmọ tálákà tó jẹ́ pé ọkà nìkan ni wọ́n ń jẹ, tí wọn ò rí ẹran tàbí wàrà fi kún un. Bí oúnjẹ ṣe ń sunwọ̀n sí i ni òkúta àpòòtọ̀ ọmọdé ń dín kù, tí ti inú kíndìnrín àgbàlagbà sì ń pọ̀.

Àwọn tó ń gé e jáde nígbà náà, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nínú ìbúra tí wọ́n so mọ́ orúkọ Hippocrates ní Gíríìsì, oníṣègùn á ṣèlérí pé òun ò ní fi ọ̀bẹ kan ẹni tí òkúta ń yọ lẹ́nu, pé àwọn tí iṣẹ́ náà jẹ́ tiwọn lòun máa fi í sílẹ̀ fún. Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe rí nílẹ̀ wa, èyí ò ní yà á lẹ́nu. Olóòlà yàtọ̀ sí oníṣègùn láàrin tiwa náà. Olóòlà á gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, á máa ti ìlú dé ìlú, á kọlà, á dábẹ́, á gbowó, á sì bá tirẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn agé-òkúta ilẹ̀ Yúróòpù ṣe rìn kiri fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é wà nínú ìwé Celsus, ará Róòmù, ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn. Wọ́n á di ọmọ náà mú lórí itan ọkùnrin tó lágbára, agé-òkúta á ti ìka bọ ihò ìdí rẹ̀, á fi wá òkúta náà, á tì í wá síwájú, á sì fi ọ̀bẹ la ẹran tó wà láàrin ihò ìdí àti kórópọ̀n. Ọmọ ọdún 9 sí 14 ni Celsus ní kí wọ́n ṣe é fún. Kò sí oògùn tó ń pa ara kú bíi ti òde òní nígbà náà. Nílẹ̀ Íńdíà, ìwé Sushruta ti ṣàlàyé irú iṣẹ́ abẹ kan náà.

Nínú gbogbo ìtàn ayé ọ̀bẹ yìí, ti Jan de Doot ni mi ò lè gbàgbé. Alágbẹ̀dẹ ni ní Amsterdam. Wọ́n ti gé e lẹ́ẹ̀mejì, òkúta náà ṣì padà wá. Ní 1651, ó rọ ọ̀bẹ fúnra rẹ̀, ó rán ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́jà, ó sì la ara rẹ̀, ó fa òkúta tó tóbi ju ẹyin adìẹ lọ yọ. Ó yè é! Ọmọ Ògún gidi! Àmọ́ rò ó wò: báwo ni ìrora ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí èèyàn tó yàn án láti gbé irin tọ́wọ́ ara rẹ̀ rọ, kó fi gé ara rẹ̀? Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní London, wọ́n gé òkúta jáde lára Samuel Pepys, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìwé tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ sí. Ọdọọdún ló ń se àsè láti dúpẹ́ pé òun ò kú.

Láti ìgbà Celsus dé ìgbà yẹn, ó ṣòro láti mọ iye èèyàn tó ń kú sọ́wọ́ ọ̀bẹ. Ọ̀pọ̀ agé-òkúta á máa ka àwọn tó yè, àwọn tó kú á di ti Ọlọ́run. Ọmọ Faransé kan, Jean Civiale, ló yí i padà. Ní January 1824, ní Paris, ó ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ojú ihò ìtọ̀ wọ inú àpòòtọ̀ aláìsàn, ó fi gbá òkúta mú, ó sì lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́ níbẹ̀, tí aláìsàn fi lè tọ̀ ọ́ jáde. Kò fi ọ̀bẹ kan ara rárá.

Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n èyí tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ó jókòó, ó kó àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ tó lé ní 5,000 jọ káàkiri Yúróòpù, ó sì kà wọ́n. Nínú 100 tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé, nǹkan bí 19 ló kú. Nínú 100 tí wọ́n bá lọ òkúta tiwọn, àwọn tó kú ò tó 3. Ó gbé e lọ síwájú ilé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì Paris ní 1835. Ó ka òkú pẹ̀lú alààyè, ó sì ní kí ìṣirò sọ ọ̀nà tó dára. Ilé ìwòsàn Necker tí Civiale ti ṣiṣẹ́ ni Félix Guyon ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ọ̀nà ìtọ̀ ní 1890. Bí olóòlà tó ń rìn kiri ṣe di olùkọ́ ní yunifásítì nìyẹn.

Síbẹ̀, ìbéèrè dókítà wa kò tíì rí ìdáhùn. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ti mọ ohun tí òkúta jẹ́: láti 1776 ni Scheele ti rí uric acid, èròjà kan tó máa ń bá ìtọ̀ jáde, nínú rẹ̀. Ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ ló ṣókùnkùn. Ní Philadelphia, ọ̀jọ̀gbọ́n oníṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ kan, Alexander Randall, pinnu pé inú kíndìnrín òkú lòun ti máa wá a. Ó tú èyí tó lé ní 1,000 wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ gíláàsì. Ní ṣóńṣó ibi tí ìtọ̀ ti ń kán jáde, ó rí ojú funfun kékeré, bíi pé ẹnì kan fi ẹfun tọ́ ọ. Lórí díẹ̀ nínú wọn, òkúta kóńkóló kan lẹ̀ mọ́ ọn bí ìgbín ṣe ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1937: kí òkúta tó hù, ó ní ilẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí.

Ẹ̀rọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí wọ́n gbàgbé Randall. Ní 1976, ní Súwídìn, Fernström àti Johansson lu ihò kékeré gba ẹ̀yìn wọ inú kíndìnrín, wọ́n sì gba ibẹ̀ yọ òkúta. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Jámánì dé. Ilé iṣẹ́ Dornier, tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, ń wádìí ìdí tí ẹ̀kán òjò fi ń dá àpá sí ara ọkọ̀ tó ń sáré gan-an. Wọ́n rí i pé ẹ̀kán omi náà ń rán ìgbì gba inú irin kọjá. Bí ìgbì bá lè fọ́ irin, ṣé kò lè fọ́ òkúta? Ara èèyàn, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà ìgbì tó bá ti inú omi wá á wọ inú ara wọ́ọ́rọ́, á sì di orí òkúta kó tó rí ohun líle lù. Ní 7 February 1980, ní Munich, Christian Chaussy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé aláìsàn sínú ọpọ́n omi ńlá, wọ́n fi X-ray wá òkúta, wọ́n sì rán ìgbì sí i. Òkúta fọ́ sí iyanrìn. Wọn ò dá ọgbẹ́ kankan sí i lára.

Gbogbo ayé ra ẹ̀rọ náà. Ta ló tún fẹ́ máa tú kíndìnrín òkú wò? Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fọ́ tirẹ̀ lónìí, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó tún lè padà wá pẹ̀lú òmíràn. James Lingeman, oníṣẹ́ abẹ ní Indianapolis, pẹ̀lú Andrew Evan àti Fredric Coe, padà sórí ojú funfun Randall. Bí Lingeman ṣe ń yọ òkúta lára alààyè ló ń gé ẹ̀já kíún níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ní 2003, wọ́n fi hàn pé ara ògiri àwọn ọ̀nà ìtọ̀ tó tín-ínrín jù lọ ni funfun náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí Randall rí lára òkú, wọ́n rí i lára alààyè.

Oúnjẹ àti omi ńkọ́? Nílẹ̀ Ítálì, Loris Borghi mú 199 èèyàn tí òkúta mú lẹ́ẹ̀kíní. Ó ní kí àwọn kan máa mu omi tí ìtọ̀ wọn á fi tó líta 2 lóòjọ́, ó fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 12 nínú 99 tó ń mu omi ló tún ní òkúta. Nínú 100 tí a fi sílẹ̀, 27. Omi lásán! Láti 1993 sì ni Gary Curhan, lára ọkùnrin 45,619 ní Amẹ́ríkà, ti rí i pé àwọn tó ń jẹ kálísíọ̀mù, èròjà tó pọ̀ nínú wàrà, jù nínú oúnjẹ ni òkúta kì í sábà mú. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń ní kí olókùúta má fẹnu kan wàrà. Kálísíọ̀mù inú oúnjẹ ló ń di ọ́sáléètì, èròjà inú oúnjẹ tó máa ń dì pọ̀ mọ́ kálísíọ̀mù di òkúta bó bá dé inú ìtọ̀, mọ́lẹ̀ nínú ìfun, tí kì í jẹ́ kó dé kíndìnrín. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wa ní ọ́sáléètì púpọ̀, àmọ́ àwọn ìyá wa tó ń bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń da omi rẹ̀ nù, ti ń dín in kù kí ẹnikẹ́ni tó ní lábù.

Ní Nàìjíríà, títí di nǹkan bí 1980, ohun tí àwọn dókítà wa ń kọ sínú ìwé ìmọ̀ ni pé òkúta ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ó tún ṣeé ṣe kó jẹ́ pé a ò ní ojú tí a fi máa rí i, torí níbi tí kò bá sí scan, àtọ̀sí tàbí àtọ̀sí ajá ni wọ́n máa pè é, bí wọ́n ṣe pe ti bàbá mi. Lónìí, ilé ìwòsàn yunifásítì wà ní Adó, òmíràn wà ní Ìdó-Èkìtì. Ilẹ̀ tó ń bí ọ̀jọ̀gbọ́n bíi tiwa yìí, ó yẹ kó mọ òkúta tirẹ̀: iyán tí à ń jẹ, oòrùn oko, omi tí a kì í mu.

Nígbà tí a mú òkúta bàbá mi dé, dókítà náà bi wọ́n pé omi mélòó ni wọ́n ń mu lóko.

"Kẹ́ẹ̀gì kékeré kan ni mo máa ń gbé lọ," bàbá mi fèsì. "Òun náà ni mo fi ń fọwọ́."

Èsì lábù ní kálísíọ̀mù ọ́sáléètì ni. Ìyá mi ní kí n kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ náà, àwọn fúnra wọn ló ń pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì méjì, tí wọ́n ń gbé e lé ẹ̀yìn ọ̀kadà kí bàbá mi tó gùn ún lọ sóko.

Òkúta náà kò padà sọ́wọ́ wa. Ó wà nínú ìgò kan lórí tábìlì dókítà, láàrin àwọn ìgò mìíràn. Wọ́n kọ ọjọ́ tó jáde sí i lára, pẹ̀lú ọjọ́ orí ẹni tó tọ̀ ọ́, ìlú rẹ̀, àti iṣẹ́ rẹ̀: àgbẹ̀.