Ìwádìí oúnjẹ ẹyẹ òkun nípasẹ̀ ísótòpù

Ìwádìí oúnjẹ ẹyẹ òkun nípasẹ̀ ísótòpù ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbà mọ ohun tí ẹyẹ ń jẹ àti irú omi tó ti ń jẹ ẹ́. Ísótòpù ni oríṣi èròjà kan náà, bíi kábọ́nù, tí ìwúwo wọn yàtọ̀ síra. Inú ìyẹ́, ẹ̀jẹ̀, eegun tàbí èèpo ẹyin ni wọ́n ti ń wá a. Ojú lásán kò ká iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá dúró sí etíkun Tarkwa Bay ní Èkó lè rí ẹyẹ tern tó já lu omi, tó sì gbé ẹja wẹ́wẹ́ sẹ́nu, ṣùgbọ́n kò lè bá a dé agbami, kò sì lè mọ ohun tó jẹ lóṣù tó kọjá. Ohun tí ẹyẹ bá pọ̀ jáde náà kò sọ ju oúnjẹ ọjọ́ kan lọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Oríṣi kábọ́nù méjì ló wà tí kì í jẹrà: kábọ́nù 12, tó pọ̀ jù, àti kábọ́nù 13, tó fi díẹ̀ wúwo jù ú lọ. Náítírójìn náà ní 14 àti 15. Ara a máa da náítírójìn tó fúyẹ́ nù ju èyí tó wúwo lọ, nítorí náà ìwọ̀n náítírójìn 15 inú ẹ̀dá tó jẹ ẹlòmíràn máa ń fi bíi 3 sí 4 nínú 1,000 ju ti ohun tó jẹ lọ. Èyí ló ń fi hàn bóyá edé ni ẹyẹ gbára lé tàbí ẹja tó ń jẹ edé. Kábọ́nù ní tirẹ̀ ń tọ́ka sí ibi: ewé igi ẹ̀gbà àti ohun tí odò ń gbé wá láti orí ilẹ̀ kì í ní kábọ́nù 13 tó ewéko tíntìntín tó ń léfòó lójú òkun.

DeNiro àti Epstein ní Amẹ́ríkà ló tẹ iṣẹ́ wọn lórí kábọ́nù jáde ní 1978, ti náítírójìn sì tẹ̀ lé e ní 1981. Ní 1994, Hobson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọ̀nà náà fún ọ̀pọ̀ irú ẹyẹ òkun ní àríwá Òkun Pàsífíìkì.

Ìyẹ́

Ìyẹ́ ló wúlò jù, ó kéré tán fún ẹyẹ tó ń rìnrìn àjò. Bó bá ti hù tán, ẹ̀jẹ̀ kì í dé inú rẹ̀ mọ́; ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní yí padà títí yóò fi já bọ́. Common tern ń pamọ ní Yúróòpù, ó sì ń wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà nígbà òtútù. Ibí ló ti ń pààrọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ìyẹ́ ńlá apá rẹ̀. Ìyẹ́ tí wọ́n bá já ní Jámánì lè tipa bẹ́ẹ̀ sọ ohun tí ẹyẹ jẹ níbí. Ẹ̀jẹ̀ kì í rántí tó bẹ́ẹ̀: omi ara ẹ̀jẹ̀ kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, sẹ́ẹ̀lì pupa a máa tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Wọ́n á fi kẹ́míkà fọ ọ̀rá àti ìdọ̀tí kúrò lára ìyẹ́, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á wọn bíi mílígíráàmù kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì dì í sínú ife tíìnì tó kéré gan-an. Ẹ̀rọ á sun ún di afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ mìíràn, mass spectrometer, á wá ya èyí tó wúwo sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó fúyẹ́, á sì fi nọ́ńbà sọ ìwọ̀n wọn.

Ní omi Èkó

Nígbà òjò, Odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn ń da omi dídùn sínú Ọ̀sà Èkó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ ń gba ẹnu èbúté wọlé. Ìyàtọ̀ ọ̀sà àti òkun lè hàn kedere nínú kábọ́nù ẹja, àmọ́ kì í dúró lójú kan. Nítorí náà, nọ́ńbà inú ìyẹ́ nìkan kò ní ìtumọ̀. Àfi kí olùwádìí gba ẹja láti inú omi kan náà, ní àsìkò tí ìyẹ́ ń hù. Ọwọ́ apẹja Mákòkó ni ó dára kó ti gba ẹ̀yà ṣáwá àti ẹpìyà tútù, kó sì béèrè ibi tí wọ́n ti ju àwọ̀n. Ẹja yíyan kò dára tó, nítorí ọ̀rá tó ń kán sínú iná ń yí ìwọ̀n kábọ́nù rẹ̀ padà. Kótè inú yìnyín kò wúlò rárá, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ti òkè òkun wá.

Ọ̀nà yìí kì í dárúkọ ẹja. Bí ẹja méjì bá ní nọ́ńbà kan náà, kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. DNA inú ìgbẹ́ ẹyẹ ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn. Ìyẹ́ kan náà tún ṣeé fi wọn mẹ́kúrì, nítorí ibẹ̀ ni ẹyẹ ń kó púpọ̀ nínú mẹ́kúrì ara rẹ̀ sí.