Omi Jọ́dánì tí ẹ gbé bọ̀, níbo lẹ ti bù ú?

Ìgò kan wà lórí fíríìjì ìyá mi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Omi Jọ́dánì ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n màmá tí wọ́n lọ gba JP (oyè àwọn tó rìnrìn àjò mímọ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù) ló bù ú bọ̀, wọ́n sì búra pé ojú ibi tí Jòhánù ti ri Jésù bọmi gan-an ni. Mo ní kí wọ́n júwe ibẹ̀ fún mi. Wọ́n ní àtẹ̀gùn wà tó sọ̀ kalẹ̀ wọnú omi, irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n ń yá èèyàn láṣọ funfun, ẹja wẹ́wẹ́ ń ṣán wọn lẹ́sẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ńlá sì wà níbẹ̀.

Yardenit nìyẹn. Ibẹ̀ mọ́, ó sì tutù, àmọ́ Jésù ò ṣèrìbọmi níbẹ̀.

Ìtòsí ibi tí odò Jọ́dánì ti ń jáde látinú Òkun Gálílì ni Yardenit wà. Ibi tí àwọn Kristẹni ayé àtijọ́ ń lọ wà nísàlẹ̀ pátápátá lápá Jẹ́ríkò, níbi tó kù díẹ̀ kí odò náà já sí Òkun Òkú. Ó tó nǹkan bí 100 kìlómítà síra wọn. Bíbélì wa pàápàá ní aginjù Jùdíà ni Jòhánù ti ń wàásù, pé Jésù sì ti Gálílì wá bá a. Ta ló ń ti Gálílì bọ̀ wá sí Gálílì?

Ogun ló fà á. Lẹ́yìn ogun 1967, bèbè odò lápá Jẹ́ríkò di ẹnubodè, àwọn sójà tì í pa, bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ sì kún ibẹ̀. Àlejò ò yéé dé, wọ́n sì fẹ́ wọnú omi. Ní 1981, Ísírẹ́lì ṣí Yardenit fún wọn. Ibi ìdípò ló jẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí Ísírẹ́lì àti orílẹ̀-èdè Jọ́dánì tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1994, wọ́n hú bọ́ǹbù kúrò ní Al-Maghtas, nísàlẹ̀ lápá Jẹ́ríkò yẹn, ní bèbè ti orílẹ̀-èdè Jọ́dánì, wọ́n wá rí àwókù ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ àti adágún ìrìbọmi. UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 2015. Wọn ò kúkú lè fìka tọ́ka sí ojú ẹsẹ̀ Jésù o. Ohun tí wọ́n rí ni pé ibẹ̀ làwọn Kristẹni ìgbà yẹn gbà pé ó jẹ́. Ibi ìrìbọmi mìíràn tó ń jẹ́ Qasr al-Yahud ló kọjú sí i ní òdìkejì odò, òun náà sì ti ṣí padà fún gbogbo èèyàn láti 2011. Odò ti tín-ín-rín débi pé ẹ lè máa gbọ́ orin àwọn tó wà ní bèbè kejì. Omi ibẹ̀ pọ́n bí omi àgbàrá, ẹ má bù ú mu o.

Mo ro gbogbo èyí fún ìyá mi. Wọ́n ní ṣebí odò kan náà ni, omi òkè ló ń ṣàn lọ sísàlẹ̀. Mo ní rárá, ìdídò wà nísàlẹ̀ Yardenit tó ń dá omi náà dúró, omi mìíràn ló pọ̀ jù nínú èyí tó ń dé Jẹ́ríkò.

Wọ́n wò mí títí. "Ṣáà gbé ìgò mi sílẹ̀."