Ohun tí àwọn tó ń fúnni ní sìkọ́láṣípù ń kà nínú máàkì ọmọ yín

Lọ́dún kan tí mo wà lára àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù sìkọ́láṣípù ní Amẹ́ríkà, ìwé ọmọ méjì dé iwájú mi tẹ̀ léra wọn. GPA ti àkọ́kọ́, ìyẹn àròpín máàkì rẹ̀, jẹ́ 3.67, ti èkejì náà jẹ́ 3.67. Ọmọ àkọ́kọ́ gba B láti òkè délẹ̀ ní kíláàsì kẹsàn-án, ìyẹn ọdún àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin ní girama wọn, ṣùgbọ́n nígbà tó dé kíláàsì kẹwàá, A ló ń gbà, kò sì padà sẹ́yìn mọ́. Ọmọ kejì gba A fún ọdún méjì gbáko, nígbà tó dé kíláàsì kọkànlá, gbogbo rẹ̀ di B. Kọ̀ǹpútà tó kọ́kọ́ yẹ àwọn ìwé náà wò kò rí ìyàtọ̀ kankan. Àwa ènìyàn rí i kíá. Ọmọ àkọ́kọ́ la pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ìbéèrè tí àwọn òbí ń bi mí jù lọ ni, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé 3.8 tó?” Mi ò lè dáhùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú iṣẹ́ kíláàsì wo ni 3.8 náà ti wá? Ọdún wo ló ga, ọdún wo ló lọ sílẹ̀? Sìkọ́láṣípù wo lẹ sì ń wá? Nọ́ńbà yẹn ń mú ọmọ dé ẹnu ọ̀nà. Tó bá ti wọlé tán, nǹkan mìíràn ni wọ́n ń kà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí nọ́ńbà náà ṣe ń jáde, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà. A jẹ́ 4, B jẹ́ 3, C jẹ́ 2, D jẹ́ 1, F kò ní nǹkan kan. Wọ́n á rò ó pọ̀, wọ́n á wá fi iye iṣẹ́ tí ọmọ ṣe pín in. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tún máa ń fi àfikún sí iṣẹ́ tó le, tó fi jẹ́ pé A nínú AP tàbí IB, ìyẹn iṣẹ́ girama tó le tó ti yunifásítì, lè di 5. Ìdí nìyí tí ọmọ kan fi lè ní 4.4, tí ẹlòmíràn tó mọ̀wé bíi tirẹ̀ sì ní 3.9, nítorí pé ilé-ìwé tiẹ̀ kì í fi àfikún kankan sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yan ọmọ máa ń yọ àfikún náà kúrò, wọ́n á tún un rò fúnra wọn. Nítorí náà, ẹ má fi GPA ọmọ yín wé ti ọmọ ọ̀rẹ́ yín tó wà ní ilé-ìwé mìíràn. Kò sí ohun tí ìfiwéra yẹn lè sọ fún yín.

Oríṣi sìkọ́láṣípù méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tó fa ìlà sílẹ̀: ẹni tó bá kọjá ìlà gbà á, ẹni tí kò kọjá kò gbà á. HOPE ti ìpínlẹ̀ Georgia, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993, jẹ́ àpẹẹrẹ kan tó gbajúmọ̀. Ìlà tiẹ̀ jẹ́ 3.0. Ti Zell Miller, sìkọ́láṣípù Georgia mìíràn tó ga jù ú lọ, jẹ́ 3.7, wọ́n sì tún ń wo máàkì SAT tàbí ACT, ìyẹn ìdánwò ìwọlé yunifásítì. Ìpínlẹ̀ náà ló ń ro GPA yìí fúnra rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ àwùjọ àti èdè ilẹ̀ òkèèrè ló ń kà. Orin àti eré ìdárayá kò sí níbẹ̀. Ó ń yọ àfikún ilé-ìwé kúrò, ó sì ń fi 0.5 tirẹ̀ kún máàkì tó wá láti inú AP, IB tàbí iṣẹ́ yunifásítì tí ọmọ ṣe ṣáájú. B nínú AP á di 3.5. Máàkì A kì í gba àfikún, torí ó ti dé 4.0 tán. Òbí tó ń wo 4.1 lórí ìwé ilé-ìwé lè wá gbọ́ pé 3.6 ni ìpínlẹ̀ rí. Nínú oríṣi yìí, kò sẹ́ni tó ń wo ojú ọmọ tàbí tó ń gbọ́ ìtàn rẹ̀. 3.69 kì í ṣe 3.7.

Oríṣi kejì ni ìdíje gan-an, tí ọmọ púpọ̀ ń du àyè díẹ̀. Gates Scholarship ń mú ọmọ lọ́dọọdún láti ilé tí owó kò ti pọ̀; 3.3 ni GPA tó kéré jù tí wọ́n ń gbà. Coca-Cola Scholars ń mú 150, ó sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 20,000 dọ́là, 3.0 ni tiwọn. Morehead-Cain ti yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1945, kò tilẹ̀ fa ìlà kankan. Òbí tó bá rí 3.0 tó sì rò pé ọmọ tó ní 3.0 ló máa ń wọlé ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. 3.0 yẹn kàn ń gba ọmọ láyè láti fi orúkọ sílẹ̀ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé tó ń dé iwájú wa kún fún A. Bí gbogbo wọn bá sì ní A, báwo la ṣe fẹ́ fi A mú ọ̀kan nínú wọn?

Transcript, ìyẹn ìwé tó to gbogbo iṣẹ́ àti máàkì ọmọ, la máa ń kà nígbà náà, láti ìlà dé ìlà. Olùdámọ̀ràn ilé-ìwé máa ń fi ìwé kan tí wọ́n ń pè ní school profile ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé yìí ń sọ iye AP tó wà ní ilé-ìwé náà àti bí wọ́n ṣe ń fúnni ní máàkì. Ọ̀pọ̀ òbí kò rí i rí, bẹ́ẹ̀ mo kà á sí ọ̀kan lára ìwé tó ṣe pàtàkì jù nínú fáìlì. Ọmọ tó mú AP mẹ́ta ní ilé-ìwé tí mẹ́ta péré wà ti ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe. Ọmọ tó mú mẹ́ta níbi tí ogún wà, a ó béèrè ìdí. Ọmọ tó ní òun fẹ́ di ẹnjiníà, tó wá pa ìṣirò tì lẹ́yìn kíláàsì kọkànlá, kò dìgbà tí a bá ka àròkọ rẹ̀ kí a tó rí i.

Ṣé A nínú iṣẹ́ tó rọrùn wá sàn ju B nínú iṣẹ́ tó le? Ní oríṣi àkọ́kọ́, ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ ṣírò ó. Ní oríṣi kejì, èmi yóò mú ọmọ tó ní B kan tàbí méjì nínú iṣẹ́ tó le ṣáájú ẹni tó sá fún wọn. Àmọ́ tí iṣẹ́ tó le bá ń so C fún ọmọ, ẹ dín in kù. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n di AP mẹ́fà rù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sùn dáadáa fún ọdún kan, máàkì rẹ̀ já, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Kò sí ìgbìmọ̀ tó ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló ń ká mi lára jù. Láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kìíní ní kíláàsì kejìlá ni ọ̀pọ̀ sìkọ́láṣípù ńlá ń pa fọ́ọ̀mù dé. Máàkì kíláàsì kẹsàn-án, ìkẹwàá àti ìkọkànlá nìkan ló wà nílẹ̀ nígbà náà. Ẹ padà wo ọmọ àkọ́kọ́ yẹn: 3.0, 4.0, 4.0. Ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́ta, 3.67 ni. Bó bá tún gba A jákèjádò kíláàsì kejìlá, á di 3.75 lọ́jọ́ tó bá jáde. Ìlà tó jẹ́ 3.7, tí wọ́n ń wò nígbà tí ọmọ bá jáde, á kọjá rẹ̀. Bó bá jẹ́ oṣù kẹwàá ni wọ́n wò ó, kò ní kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń fi kíláàsì kẹsàn-án ṣeré kò mọ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí a ó rí ló fi ń ṣeré. Ẹ sọ fún un, ẹ rọra sọ ọ́.

Kódà sìkọ́láṣípù National Merit, tí ìdánwò PSAT inú oṣù kẹwàá kíláàsì kọkànlá ni wọ́n fi ń yan àwọn tó kọ́kọ́ yege, ń padà wá wo máàkì láti kíláàsì kẹsàn-án kó tó sọ ọmọ di Finalist, ìyẹn ẹni tó dé ìpele ìkẹyìn. Ọmọ tó sì ti rí sìkọ́láṣípù gbà kò gbọ́dọ̀ sùn lọ ní sáà tó gbẹ̀yìn. Wọ́n ń béèrè transcript ìparí, wọ́n sì lè gba ẹ̀bùn náà padà.

Bí sáà kan bá bàjẹ́ nítorí àìsàn, ikú nínú ilé tàbí àyípadà ibùgbé, ẹ má jẹ́ kí a máa fọkàn rò ó fúnra wa. Àyè wà nínú Common App, fọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń lò fún ìgbàwọlé, fún àlàyé bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta tó: ohun tó ṣẹlẹ̀, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ohun tó ti yí padà. Kí olùdámọ̀ràn náà kọ ọ́ sínú lẹ́tà tirẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí máa ń wọni lára ju ti ẹni tọ́rọ̀ kàn lọ. Ẹ lọ rí i kí kíláàsì kọkànlá tó parí, nígbà tó ṣì ráyè gbọ́ yín.

Ọmọ kejì tí mo kọ́kọ́ sọ, tí A rẹ̀ di B, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìdílé rẹ̀ kó kúrò nílé láàárín ọdún yẹn. Kò kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì bá a kọ ọ́. Lẹ́tà tó ṣàlàyé rẹ̀ dé ọwọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a ti fi orúkọ àwọn tó yege síta.